Ẹ Má Jẹ́ Kí Ẹnikẹ́ni Tú Fóònù Yín Nígbà Tí Wáráǹtì Rẹ̀ Kò Tíì Tán

Iṣẹ́ àtúnṣe fóònù ni mò ń ṣe ní Ṣágámù, nítòsí Sábó. Ẹnjiníà làwọn oníbàárà ń pè mí. Kì í sí ọ̀sẹ̀ kan tí mi ò ní dá fóònù kan padà láìfọwọ́ kàn án. Kì í ṣe pé mi ò mọ̀ ọ́n tún ṣe. Wáráǹtì rẹ̀, ìyẹn àdéhùn ilé-iṣẹ́ tó ṣe é pé àwọn yóò tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ni kò tíì tán, bí mo bá sì fi lè tú u, mo ti sọ oníbàárà mi di onígbèsè.

Ọdún 2017 ni ojú mi là sí ọ̀rọ̀ yìí, ara Màmá olóbì kan ni mo ti kọ́gbọ́n, ó sì ń dùn mí dòní. Ẹ mọ̀ pé obì ni wọ́n fi mọ ìlú wa. Kánò làwọn oníbàárà màmá yìí wà, orí fóònù ni wọ́n sì ti ń ṣe gbogbo àdéhùn wọn: iye àpò, iye owó, ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò gbéra. Fóònù tí ọmọ wọn rà fún wọn kò tíì pé oṣù méje tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kú fúnra rẹ̀. Wọ́n sáré gbé e wá, wọ́n ní, "Ọmọ mi, bá mi wò ó kíá, àwọn ará Kánò ń pè mí." Àánú wọn ṣe mí. Mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Bébà funfun kékeré kan wà lórí ọ̀kan nínú àwọn sukúrù rẹ̀, kò tóbi ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ. Mo fi sukúrúdírẹ́fà gún un ya, mo tú fóònù náà. Mo rí i pé bọ́ọ̀dù, tó dà bí ọpọlọ fóònù, ló bàjẹ́, mi ò sì ní irú bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀. Mo tún un dè, mo ní kí ọmọ wọn gbé e lọ sí ibi tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe fóònù náà ti ń gba àtúnṣe.

Akọ̀wé tó gbà á lọ́wọ́ ọmọ náà ṣí ẹ̀yìn fóònù, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí bébà tó ya, ó ní, "Wọ́n ti tú u. Ẹ máa sanwó bọ́ọ̀dù." Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó fóònù tuntun. Màmá kò bú mi. Wọ́n kàn wojú mi, wọ́n ní, "Ẹnjiníà, ṣé o ò mọ̀ ni?" Mo mọ̀. Mi ò béèrè ọjọ́ tí wọ́n rà á ni. Mo gbé ìdajì owó náà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, àmọ́ kò mú ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́kàn mi. Láti ìgbà yẹn, kí oníbàárà tó jókòó ni mo ti ń bi í pé: "Ìgbà wo lẹ rà á? Rìsíìtì rẹ̀ ńkọ́?"

Ohun tí mo fẹ́ kọ síbí yìí ni bí ẹ ó ṣe tọ́jú wáráǹtì yín, bí ẹ ó ṣe lò ó nígbà tí fóònù bá ṣe wàhálà, àti ohun tí ẹ ó ṣe bí wọ́n bá ní àwọn kò gbà á.

Àdéhùn ni wáráǹtì. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe fóònù ló ń sọ pé bí nǹkan kan bá bàjẹ́ lára rẹ̀ láàárín iye oṣù tí àwọn dá, tó sì jẹ́ pé láti ọ̀dọ̀ àwọn ni àbùkù náà ti wá, àwọn yóò tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí kí àwọn pààrọ̀ rẹ̀. Ọdún kan ni Apple ń fún iPhone tuntun. Ní ti TECNO, Infinix àti itel tó kún ọwọ́ wa níbí, Carlcare ni orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó àtúnṣe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bátìrì àti ṣájà sábà máa ń ní iye oṣù tiwọn, tó kéré sí ti fóònù fúnra rẹ̀. Ó wà nínú káàdì wáráǹtì tó wà nínú páálí, wọ́n kọ ọ́ wínníwínní, ẹ wọ awò ojú yín kí ẹ kà á.

Wáráǹtì kò bo ojú fóònù tó fọ́ nítorí pé ó jábọ́. Kò bo omi. Kò bo fóònù tí ẹni tí ilé-iṣẹ́ kò yàn ti tú. Ọ̀rọ̀ omi yìí ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu, pàápàá àwọn tó ra fóònù tí wọ́n kọ IP68 sí lára. Òótọ́ ni pé irú fóònù bẹ́ẹ̀ lè fara da omi díẹ̀, àmọ́ bí omi bá wọ inú rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, àwọn tó ṣe é kì í kà á mọ́ wáráǹtì. Ẹ má sì rò pé wọn ò ní mọ̀. Bébà kékeré kan wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù, inú ihò tí à ń ki síìmù bọ̀ ló máa ń wà lára àwọn mìíràn. Funfun ni nígbà tó bá gbẹ. Bí omi bá kàn án, a di pupa, kò sì ní padà sí funfun bó ti wù kí ẹ sá a sóòrùn tó.

Ọjọ́ tí ẹ ra fóònù gan-an ni iṣẹ́ wáráǹtì ti ń bẹ̀rẹ̀. Òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mẹ́kún sun. Àwọn ènìyàn wa a máa kánjú: wọ́n á sanwó tán, wọ́n á ju páálí sínú ọ̀rá, ó di ilé. Ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí páálí náà lójú yín, kí ẹ rí i pé ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí i ṣáájú. Ẹ tan fóònù náà. Ẹ tẹ *#06# bí ẹni fẹ́ pe ènìyàn. Nọ́ńbà gbọọrọ kan yóò yọ, onídíjíìtì 15. IMEI nìyẹn, òun ló dúró fún orúkọ fóònù yín láàárín gbogbo fóònù ayé. Bí fóònù yín bá ń gba síìmù méjì, nọ́ńbà méjì ni ẹ ó rí.

Ẹ wá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara páálí, kí ẹ kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní ní ọ̀kọ̀ọ̀kan o, nítorí mo ti rí páálí tí nọ́ńbà rẹ̀ fi ẹyọ kan ṣoṣo yàtọ̀ sí ti fóònù inú rẹ̀. Ẹni tó rà á kò mọ̀ títí di oṣù kẹsàn-án tí fóònù fi kọ̀ láti gba iná. Nígbà tó dé ibi àtúnṣe, wọ́n ní páálí yìí kì í ṣe ti fóònù yìí, ẹni tó tà á fún un sì ti kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

Lẹ́yìn náà ni rìsíìtì. Ẹ má gba bébà tí wọ́n kàn kọ "fóònù 1" sí pẹ̀lú iye owó. Ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù, àdírẹ́sì, ọjọ́, orúkọ fóònù náà lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, IMEI rẹ̀ àti iye tí ẹ san. Ẹ̀tọ́ yín ni. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ìdíje àti ààbò oníbàárà, ti ọdún 2018, ní kí ẹni tó bá ta ọjà fún yín fún yín ní àkọsílẹ̀ rẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ojú ṣíọ̀ nítorí pé ẹ ní kó kọ IMEI, mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé kí wọ́n kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Ẹni tí kò fẹ́ kọ nọ́ńbà lónìí, kí ni yóò ṣe fún yín lóṣù kẹjọ?

Rìsíìtì tí ẹ̀rọ máa ń pọ̀ jáde wẹ́rẹ́, tí ara rẹ̀ ń dán, kì í pẹ́ ṣá. Ooru ló fi ń tẹ lẹ́tà sára rẹ̀, ooru náà ló sì ń pa á rẹ́. Bí ẹ bá fi sínú ọkọ̀ tàbí sínú pọ́ọ̀sì, kí oṣù mélòó kan tó kọjá, bébà funfun lásán ni ẹ ó bá níbẹ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ ya ti káàdì wáráǹtì àti ti ẹ̀gbẹ́ páálí tó ní IMEI mọ́ ọn, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn lórí WhatsApp, ọmọ yín, ọkọ, ìyàwó, ẹ̀gbọ́n. Bí ẹ bá fi mọ sórí fóònù yẹn nìkan, ọjọ́ tó bá kú, ó kú pẹ̀lú ẹ̀rí ara rẹ̀.

Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá ó yẹ kí ẹ forúkọ fóònù náà sílẹ̀ lórí áàpù ilé-iṣẹ́ náà. Àwọn kan máa ń ka ọjọ́ láti ìgbà tí fóònù kọ́kọ́ wọ íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn kan láti ọjọ́ orí rìsíìtì. Bí ẹ bá ra iPhone, ẹ lè fi nọ́ńbà ara rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní serial number yẹ̀ ẹ́ wò ní ojú ìwé Apple lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, yóò sọ ọjọ́ tí wáráǹtì rẹ̀ yóò parí. Bí wọ́n bá tà á fún yín pé tuntun ni, tí Apple sì ní ó ku oṣù mẹ́rin péré, ẹ mọ̀ pé ẹnì kan ti lò ó ṣáájú yín.

Ó wá ṣẹlẹ̀, fóònù ti dára fún oṣù mélòó kan, ó bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Kí ẹ tó wọkọ̀, ẹ gbìyànjú nǹkan mélòó kan nílé. Bí kò bá gba iná, ẹ lo ṣájà àti okùn mìíràn. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu ibi tí ṣájà ń wọ̀: ìdọ̀tí inú àpò aṣọ a máa dì síbẹ̀ bí òwú. Ẹ pa fóònù náà kí ẹ tó fi igi ìtayín gbígbẹ rọra yọ ọ́. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ tàbí píìnì kàn án, àwọn irin wínníwínní inú rẹ̀ kò lè fara dà á. Bí ńẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń lọ, ẹ ki síìmù yẹn sínú fóònù ẹlòmíràn wò. Ẹ pa fóònù, ẹ tún un tàn. Ẹ wò ó bóyá sọ́fíwíà tuntun wà fún un. Ọ̀pọ̀ fóònù tí wọ́n ń gbé wá bá mi, ibi yìí ni ọ̀rọ̀ wọn ń parí sí, mi ò sì ń gba kọ́bọ̀.

Bí bátìrì bá wú, tí ẹ̀yìn fóònù ń gbéra sókè bí ìdérí ìkòkò tí omi ń hó lábẹ́ rẹ̀, ẹ má dán ohunkóhun wò. Ẹ pa á, ẹ má fi ṣájà sí i mọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ẹ má gún un. Irú bátìrì yẹn lè gbiná lọ́wọ́ yín. Bí omi bá sì wọ fóònù, ẹ pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ nu ara rẹ̀, ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ẹ má fi sínú ìrẹsì. Apple pàápàá ti kìlọ̀ pé kí a má ṣe é, nítorí eruku ìrẹsì lè ba inú rẹ̀ jẹ́ sí i.

Àbùkù tó máa ń wá tó sì máa ń lọ ló ṣòro jù lọ. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan láti Babcock ní Ìlíṣàn gbé fóònù wá bá mi, ojú rẹ̀ a máa ṣẹ́ fìrìfìrì, a sì tún padà bọ̀ sípò. Oṣù karùn-ún tó rà á nìyẹn. Mo ní kó gbé e lọ sí ibi àtúnṣe ilé-iṣẹ́. Ó lọ, fóònù dákẹ́ jẹ́jẹ́ níwájú wọn, wọ́n ní kò sóhun tó ṣe é, ó sì padà wálé pẹ̀lú owó ọkọ̀ tó ti lọ. Mo wá ní kó fi fóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀ ya fídíò rẹ̀ nígbàkígbà tó bá tún ṣẹlẹ̀, kí ojú fóònù hàn, kí aago ara rẹ̀ náà hàn. Láàárín ọjọ́ mẹ́fà, ó ní fídíò mẹ́rin. Lọ́jọ́ tó padà lọ, kò tilẹ̀ bá wọn jiyàn, fídíò ló fi hàn wọ́n. Wọ́n pààrọ̀ ojú fóònù náà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ má gbé fóònù jáde nílé tí ẹ ò bá tíì kó ohun inú rẹ̀ pamọ́. Ẹ ṣe àfipamọ́ WhatsApp yín sórí Google, ẹ kó àwọn fọ́tò pamọ́, ẹ kọ nọ́ńbà àwọn tó ṣe kókó sínú ìwé. Ẹ yọ síìmù, ẹ yọ mẹ́mórì káàdì, kí wọ́n wà lọ́wọ́ yín. Síìmù tó so mọ́ báńkì yín kò ní iṣẹ́ kankan lọ́wọ́ ẹni tó ń tún fóònù ṣe. Bí fóònù náà bá ṣì ń tàn, ẹ yọ àkáǹtì Google yín kúrò lórí rẹ̀ kí ẹ tó pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́. Láti ìgbà Android 5.1 ní ọdún 2015 ni fóònù ti ń béèrè àkáǹtì àtijọ́ bí wọ́n bá nu inú rẹ̀ láìyọ ọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà tiwọn. Bó bá jẹ́ iPhone, ẹ pa Find My, ohun tó ń bá yín wá fóònù tó bá sọnù, wọn kì í sábà gbà á bó bá ṣì wà ní títàn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín ní PIN báńkì yín, ẹ gba fóònù yín kí ẹ máa lọ.

Ibo ni ẹ ó gbé e lọ? Ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti béèrè, lórí áàpù wọn tàbí ojú ìwé wọn. Ẹ má fi ti pátákó ojú títì ṣe. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ ńlá sára pátákó. Ọ̀pọ̀ ará Rẹ́mọ ló ń gbé e lọ sí Ìkẹjà. Ẹ tètè kúrò nílé. Láti Ṣágámù, ẹ ó wọkọ̀ dé Bẹ́gà, kí ẹ tó wọ òmíràn. Bó bá jẹ́ Computer Village, ọjà fóònù ńlá Ìkẹjà, ni ibi tí ẹ ń lọ, àwọn ọmọkùnrin yóò ti máa pè yín lójú ọ̀nà pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ tún ṣe? Màmá, ẹ mú un wá!" Ẹ má fi fóònù náà hàn wọ́n rárá, àní kí wọ́n kàn bá yín wò ó. Ẹ jẹ́ kó wà nínú báàgì títí ẹ ó fi dé iwájú akọ̀wé.

Níwájú akọ̀wé, ohun tí ẹ rí ni kí ẹ sọ, ẹ má sọ ohun tí ẹ rò pé ó fà á. Ẹ sọ pé, "Ó máa ń kú bí bátìrì rẹ̀ bá kù ní ogójì, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí." Ẹ má sọ pé, "Ó jọ pé bọ́ọ̀dù rẹ̀ ti jóná," nítorí bí wọ́n bá kọ "jóná" sínú ìwé, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Bí wọ́n bá bi yín bóyá ó jábọ́ rí, ẹ sọ òótọ́.

Wọn yóò kọ ìwé ìgbàwọlé kan. Ẹ má tọwọ́ bọ̀ ọ́ láìkà á. Ẹ wo IMEI inú rẹ̀. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ bí ara fóònù ṣe rí sí: bí kò bá sí ìlà kankan lójú rẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo. Ẹ ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ lórí tábìlì wọn. Ẹ wá bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta: ṣé ọ̀fẹ́ ni, ọjọ́ wo ni yóò jáde, nọ́ńbà wo ni mo lè pè? Bí wọ́n bá ní ó ṣeé ṣe kí owó wọ̀ ọ́, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ kankan tí ẹ kò bá tíì gbọ́ iye rẹ̀.

Bí wọ́n bá ní wáráǹtì kò bò ó, ẹ má pariwo, ẹ má sì kàn yíjú padà. Ẹ ní kí wọ́n fi ìdí rẹ̀ hàn yín: bébà pupa dà, ibo ni wọ́n ti tú u? Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún yín. Òfin ọdún 2018 yẹn ní oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ sí ọjà tó pé, tó ń ṣe iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ rà á, kò sì yọ ẹni tó tà á kúrò nínú rẹ̀. Pátákó tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri pé "owó tó bá ti wọlé kò ní jáde mọ́" kò lè pa ẹ̀tọ́ yìí rẹ́. Bí wọn ò bá gbọ́, ẹ kọ̀wé sí àjọ FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà, kí ẹ sì fi rìsíìtì, ìwé ìgbàwọlé àti àwọn fọ́tò yín mọ́ ọn. Àwọn bébà tí ẹ ń kó jọ láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni ẹnu yín níbẹ̀.

Ti fóònù tókúnbọ̀ yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó tà á ni gbogbo wáráǹtì rẹ̀. Bó bá ní ọ̀sẹ̀ méjì, kó kọ ọ̀sẹ̀ méjì, kó kọ ohun tó bò, kó fọwọ́ sí i, kí ẹ sì fi gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì náà lo fóònù náà dáadáa.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ gba fóònù, ẹ má tíì kúrò níbẹ̀. Ẹ ki síìmù bọ̀ ọ́, ẹ pe ènìyàn, ẹ jẹ́ kí wọ́n pè yín, ẹ ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn, ẹ fi ṣájà sí i. Ẹ tún tẹ *#06#. Bí wọ́n bá pààrọ̀ bọ́ọ̀dù tàbí fóònù fúnra rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí IMEI yí padà, kò sì ní bá páálí yín mu mọ́. Ẹ gba ìwé tó sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ so ó mọ́ rìsíìtì àkọ́kọ́.

Nǹkan kan tí àwọn ènìyàn kì í ṣe ló kù. Ní bí oṣù kan kí wáráǹtì tó parí, ẹ jókòó ti fóònù yín, kí ẹ dán gbogbo rẹ̀ wò: ohùn, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ohùn yín, kámẹ́rà méjèèjì, gbogbo igun ojú rẹ̀, bí bátìrì ṣe ń pẹ́ sí. Àbùkù tí ẹ ti mọ́ra, tí ẹ ń sọ pé "bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn", àsìkò yìí ni kí ẹ gbé e lọ. Màmá olóbì ra fóònù mìíràn lọ́dún tó kọjá. Èmi ni mo bá wọn ka IMEI rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, fọ́tò rìsíìtì wọn sì wà lórí fóònù mi. Oṣù Kọkànlá ni ọjọ́ rẹ̀ yóò pé. Mo ti fi gègé pupa yí ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá po lára kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀bù mi, kí n lè pè wọ́n pé kí wọ́n gbé e wá.